Ìtọ̀ Kì í Ṣe Itọ́

Itọ́ ni gbogbo ilé ń wá fún Tíṣà Ọlágòkè láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọyẹ́ ti mú Jos débi tó lè mú un dé: eruku bo òrùlé gbogbo àdúgbò Anglo Jos, ètè tọmọdé tàgbà ti là, omi inú kẹ́ẹ̀gì sì tutù débi pé ẹni tó bá mu ún á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Nítorí náà, nígbà tí Tẹjú, ọmọ ọdún méjìdínlógún, sáré wọ ilé ìdáná tó ní itọ́ bàbá àgbà òun ò jáde mọ́ láti àná, kò yani lẹ́nu rárá.

"Itọ́ báwo?" ni Theresa, ìyá àgbà rẹ̀, wí. Pòtétò ló ń bó lọ́wọ́.

"Itọ́ nà, Màmá àgbà. Wọ́n ní kò jáde rárá. Ọyẹ́ ni jàre. Mo ti fún wọn lómi ife méjì."

"O ṣeun. Bu ìkan sí i."

Ẹ̀bi Tẹjú kọ́ tán. Jos ni wọ́n bí i sí, Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí. Bó bá ń sọ Hausa, àwọn tó ń ta pákó lọ́jà Katako á ní ọmọ ilé àwọn ni. Yorùbá náà wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn ni kò sí lórí ẹ̀. Ọkọ tí obìnrin fẹ́, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, bákan náà ló ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ló sì ń gbọ́ wọn. Bàbá àgbà rẹ̀ tó ti Èkìtì wá fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nílùú yìí, kò rí tirẹ̀ kọ́. Ó tún un ṣe títí, ó sú u.

Ohun tí Tíṣà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un nídàájí ni pé ìtọ̀ òun ò jáde. Ìtọ̀. Èyí tó ń gba ìsàlẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ ọmọ ló sọ ọ́ fún, tí kì í ṣe aya tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà? Ibẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Àwọn ọkùnrin wa á sọ fún gbogbo ayé pé orúnkún ń dun àwọn, wọ́n á sọ pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, wọ́n á la ẹnu kí ẹ bá wọn wo eyín tó ń mì. Ẹ wá dé apá ibi tí wọ́n ń so bẹ́líìtì mọ́, ẹnu á pa dé. Oṣù mẹ́fà ni Tíṣà ti ń pẹ́ nílé ìtọ̀, tó ń dúró, tó ń tiraka, tó ń mú ìwé ìròyìn dání wọ ibẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ó ń kàwé ni. Ó gbà pé bí òun bá sọ ọ́ fún Theresa, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ á ti gbọ́ kí agogo méjìlá tó lù, kò sì parọ́ mọ́ obìnrin náà. Ó rò pé Tẹjú á rọra pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Tẹjú gbé omi wá.

Ó mu ún. Kí ni kó ṣe? Àgbàlagbà tó bá kọ omi, wọ́n á bi í pé kí ló dé.

Kó tó di agogo mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ itọ́ Tíṣà ti kárí agboolé. Aládùúgbò kan gbé kúnnú wá nínú jọ́ọ̀gì, ó ní kò sí ohun tó ń tu ọ̀fun lára tó o. Òmíràn mú orógbó wá, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, itọ́ á sun. Theresa tí kì í fi ọ̀ràn ọkọ rẹ̀ ṣeré da ata bo ẹran ewúrẹ́ nínú ìkòkò, ó já èfìrín sí i, ó ní bí èyí ò bá fa itọ́ jáde, a jẹ́ pé ẹnu náà kì í ṣe ẹnu ọmọ Èkìtì mọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, òórùn ọbẹ̀ ń ta sánsán, ilé náà ń dùn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Veronica náà yà wá. Obìnrin Gyel ni, ìlú kan nítòsí Jos, òun ló ni kẹ́míìsì ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ládùúgbò yẹn, torí kì í jẹ́ kí aláìsàn kọjá láì kí i. Ó gbọ́ Yorùbá ju Tẹjú lọ, Màálàm ló sì ń pe Tíṣà.

"Sannu, Baba Màálàm. Oògùn ọ̀fìnkìn tí mo fún yín, ṣé ẹ ṣì ń lò ó?"

"Mò ń lò ó."

"Ti orúnkún ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí o ṣe wí."

"Ti ọ̀fìnkìn yẹn ló ń mú ẹnu yín gbẹ. Ẹ má dá a dúró o. Ẹ kàn máa mu omi dáadáa."

Tẹjú tún bu ife omi kan.

Nígbà tí Theresa fi gbé ọbẹ̀ wọ pálọ̀, agogo mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù. Tíṣà jókòó sí bèbè àga bí ẹni tó fẹ́ dìde, kò sì dìde. Òógùn ń bọ́ níwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Ẹ gbà kó tó tutù."

"Gbé e kúrò."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ n wo ẹnu náà fúnra mi. Tẹjú, tan iná."

Tẹjú tan iná fóònù sí i. Ìyá àgbà àti ọmọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń yọjú wo ẹnu Tíṣà bí ẹni tó ń wo kànga. Itọ́ kún ibẹ̀ bámúbámú. Òórùn ọbẹ̀ nìkan ti tó láti fà á.

"Itọ́ rèé o," ni Tẹjú wí. "Ó pọ̀ gan-an, wallahi."

Tíṣà pa ẹnu dé. Ó wo ọmọ náà pẹ́. Gbogbo sùúrù tó ní láti fi kọ́ kíláàsì mẹ́rìndínlógójì ló fi wò ó.

"Fún mi ní bírò."

Ó fa ewé kan ya lára kàlẹ́ńdà ìjọ tí ọdún rẹ̀ ti parí, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó, ó sì fi àmì sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tì í sí Tẹjú.

"Kà á."

"Itọ."

"Mo ní kí o kà á, n ò ní kí o méfò. Àmì wo ló wà lórí rẹ̀?"

Tẹjú fi ìka tọ́ ọ. "Èyí ń lọ sísàlẹ̀, dò. Èyí náà ń lọ sísàlẹ̀. Dò."

"Pè é pọ̀."

"Ì-tọ̀." Ó gbójú sókè. "Fitsari?"

"Ẹ̀hẹ́n," ni Tíṣà wí. "Fitsari."

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Yorùbá, Hausa ló bá a gbé e sílẹ̀ ní gbangba.

Theresa gba ewé kàlẹ́ńdà náà. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá wo ikùn ọkọ rẹ̀ lábẹ́ súwẹ́tà, ó rí i pé ó ti yọ síwájú ju ti àná lọ.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́ àná."

"Omi ife mẹ́rin," ni Theresa wí. "Kúnnú jọ́ọ̀gì kan. Tíì àárọ̀. Tíṣà, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Ó gbé ọbẹ̀ náà kalẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì hàn lójú rẹ̀. Tẹjú ti ń sunkún, ó ń ní kí bàbá àgbà òun má bínú.

"N ò bínú," ni Tíṣà wí. "Pe bàbá rẹ."

Katako ni Christopher, bàbá Tẹjú, ti ń ta pákó. Kò dúró já ẹrù, ó wa píkọ́ọ̀pù wálé tòun ti pákó lẹ́yìn àti lẹ́búlẹ́bú igi nínú irùngbọ̀n. Veronica ti ṣáájú rẹ̀ dé. Oògùn mìíràn ló mú wá, róbótó funfun kékeré nínú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Ó ní àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ń lò ó, ó máa ń fa ìtọ̀ wálẹ̀ kíákíá. Theresa ti na ọwọ́ gbà á.

"Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni Christopher wí. "Ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Ṣé mo ní ká má lọ ni? Kó gbé ọ̀kan mì ká tó dé ọ̀hún. Orí bẹ́ǹṣì lẹ máa wà dọ̀sán, ta ló fẹ́ dá yín lóhùn?"

"Haba, Màmá àgbà," ni Tẹjú wí. "Bí ẹnu gọ́tà bá dí, ẹ tún fẹ́ máa da omi sí i látẹ̀yìn? Ibo ló máa gbà?"

"Ìwọ má dá sí i. Ìwọ tí o gbé omi fún ẹni tí kò lè tọ̀."

"Ta ló ń kó àwọn oògùn ti tẹ́lẹ̀ fún wọn ná?" Christopher béèrè. "Ta ló ń lọ rà á?"

Theresa wo Veronica, Veronica wo ilẹ̀.

N ò ní bú obìnrin náà, torí kì í ṣe òun nìkan. Ìgboro wa kún fún wọn, inú rere lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀rá oògùn tí kò lórúkọ lọ́wọ́ òsì. Wọ́n á bi bàbá arúgbó léèrè ọmọ, wọ́n á bi í léèrè ọmọ ọmọ, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ẹ dákun, báwo lẹ ṣe ń tọ̀ sí, kó tó di pé ó ka oògùn sí i lọ́wọ́. Òòṣà, bí o ò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi.

Tíṣà ló parí ìjà náà. Ó dìde. Ṣòkòtò rẹ̀ ò ṣeé dì mọ́, ló bá fa ìró Theresa yọ lórí okùn, ó lọ́ ọ mọ́dìí, ó dé fìlà. "Ẹ gbé mi lọ," ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé àná ṣe gba àárín agboolé kọjá nínú ìró olódòdó. Gbogbo wọn kí i, "Ẹ kú àárọ̀ sà," wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì sí ẹni tó láyà láti rẹ́rìn-ín títí mọ́tò fi ṣí.

Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà tí ikùn Tíṣà ò mọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Christopher, rọra."

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n yára ni."

"Yára. Ṣùgbọ́n rọra."

Bẹ́ǹṣì náà gùn lóòótọ́, èèyàn sì kún un. Theresa ò tíì rí ibi jókòó tí Tẹjú fi kọjá gbogbo wọn lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì. "Kakana bai yi fitsari ba tun jiya," ó wí fún un, pé bàbá àgbà òun ò tọ̀ láti àná. Ohùn rẹ̀ ò ṣìnà níbì kankan. Nọ́ọ̀sì náà wo ìró, ó wo ikùn, ó sì dìde. Wọn ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi tẹ́ Tíṣà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà Nusaybah ló bá wọn níbẹ̀. Ọmọdébìnrin ni lójú Tíṣà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ pàápàá sí Jos.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú," ó ní. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, Tíṣà sì mú etí bẹ́ẹ̀dì. "Ó ti kún. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la máa fi fà á. Ó máa tini lójú díẹ̀, kò ní pẹ́."

Wọ́n fa aṣọ bo bẹ́ẹ̀dì. Theresa mú rósárì, ó ń kà á fatafata, kò dúró mí. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ohùn Tíṣà lẹ́yìn aṣọ. "Áà," ó ní. "Áà, Olúwa o." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ẹ̀rín inú ikùn tó ń fúyẹ́, kò sì lè dá a dúró.

Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú àpò rọ́bà tó wúwo. Ó ní lítà kan àbọ̀ ti jáde, ó ṣì ń bọ̀.

"Ya yi fitsari," ni Tẹjú kígbe láàárín ọ̀nà. Ó ti tọ̀. Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ní Alhamdulillahi, bàbá kan tí wọn ò mọ̀ rí pàtẹ́wọ́, ẹlòmíràn ní God don do am. Theresa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ti òsì, ó jó lórí ìtọ̀ láàárín ilé ìwòsàn, ojú ò tì í. Christopher kọjú sí ògiri, ó ní lẹ́búlẹ́bú igi ló kó sí òun lójú. Inú wọn dùn ju ọjọ́ ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ.

Dókítà wá jókòó. "Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò nílé?"

"N kì í lo oògùn."

Dókítà wo Theresa. Theresa wo àpò ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó tú ọ̀rá mẹ́ta sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn yẹ́lò, àwọn pupa, àwọn funfun róbótó.

"Wọ́n kì í ṣe oògùn gidi, dókítà," ó ní. "Ti ọ̀fìnkìn lásán ni, pẹ̀lú ti orúnkún."

"Màmá, oògùn gidi ni wọ́n." Dókítà mú ọ̀kan yẹ́lò dání. "Ẹran kékeré kan wà lára ọkùnrin, ó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka. Pírósítéètì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, òun náà ń wú. Ọ̀nà Bàbá ti há tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń mú ọ̀fìnkìn gbẹ yìí wá fún ẹnu ọ̀nà náà pa, ó tún sọ àpò ìtọ̀ di ọ̀lẹ. Bí ìtọ̀ ò bá sì rí ọ̀nà jáde, òkè ló ń padà sí, kíndìnrín ló ń lọ tì."

"Ti orúnkún ńkọ́?" Christopher béèrè.

"Ìyẹn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún àgbàlagbà. Ọ̀kan dí ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde, ọ̀kan ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ kíndìnrín."

"Èyí funfun tí wọ́n fẹ́ fún un láàárọ̀ yìí?"

"Òun ì bá máa ṣe ìtọ̀ sí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ti tì."

Theresa ò lè wo Tẹjú. "Dókítà, ṣé wọ́n ti kú? Kíndìnrín rẹ̀."

"A ti gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Ìdúró yẹn ló gùn jù lọ. Theresa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ tán, pé òun ló ń rán, òun ló ń kà á sí i lọ́wọ́ láràárọ̀, òun ló ń gbé omi tì í. Omijé ń bọ́ sórí ìró olódòdó.

"Èmi ni mo gbé e mì," ni Tíṣà wí. "Ọ̀nà ọ̀fun mi ni. Bí mo bá ti sọ fún ọ láti oṣù mẹ́fà, ṣé o ò ní pariwo?"

"Màá pariwo."

"Ariwo yẹn ni ì bá gbà mí."

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ kí dókítà tó padà. Ó ní ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ kó jẹ́. Theresa dìde. Dókítà ní kó jókòó, pé àwọn kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n farapa, wọn ò kú, bí ìtọ̀ sì ṣe ń ṣàn yẹn, ìrètí wà dáadáa pé wọ́n á padà bọ̀ sípò. Àwọn dókítà á dá Bàbá dúró ní wọ́ọ̀dù, wọ́n á máa wọn ìtọ̀, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lọ́la àti lọ́tùn-únla. Wọ́n á wá ìtọ́jú sí pírósítéètì náà. Oògùn orúnkún yẹn àti ti ọ̀fìnkìn ò sì gbọdọ̀ kan ẹnu Tíṣà mọ́. "Ká ní ẹ fi dọ̀la ni," ó ní, kò sì parí rẹ̀.

Tíṣà béèrè bóyá òun lè jẹun báyìí. Ebi ń pa á. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní díẹ̀, láìsí ata púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù fún àlejò nírọ̀lẹ́, agboolé tú síbẹ̀. Pòtétò sísè dé, ọsàn dé, yẹ̀yẹ́ ìró dé, ẹ̀rín tí wọ́n gbé mì láàárọ̀ sì wá bú jáde lórí bẹ́ẹ̀dì Tíṣà. Veronica tẹ̀ lé wọn. Kò gbé oògùn dání. Ìwé kékeré kan ló fún dókítà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó bá òun kọ orúkọ àwọn tí kò yẹ kí òun máa fún àgbàlagbà. Ó yẹ kó ti béèrè tipẹ́, ṣùgbọ́n ó béèrè.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni Julius, ará Oǹdó, ọ̀rẹ́ Tíṣà, tó ti ilé iṣẹ́ omi ìjọba fẹ̀yìn tì. Òun ló rẹ́rìn-ín jù. Ó bẹ̀rẹ̀ wo rọ́bà, ó wo àpò tó kún dé ìdajì, ó mi orí.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ omi, n ò rí páìpù tó ṣàn tó báyìí. Ìyàwó wa, ẹ fi mítà sí i."

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí wọ́n so omi mọ́ lápá. Julius jáde, ó padà wá, ó tún fi nǹkan mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún jáde. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Julius, ibo lò ń lọ?"

"Mo lọ gba atẹ́gùn ni."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lò ń dìde lóru?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Níwájú ìyàwó?"

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Julius wo Theresa, ó wo Tẹjú, ó wo àwọn aládùúgbò tó ń bó ọsàn. "Ọyẹ́ ni," ó ní.

Tíṣà kàn ń wò ó.

"Márùn-ún," ni Julius wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Nígbà mìíràn mẹ́fà. Ó sì ń kán tó, tó, tó ni, Ọlágòkè. Mo lè dúró síbẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Jókòó síbí. Dókítà ń bọ̀. Bí ojú bá ń tì ọ́, èmi á bá ọ sọ ọ́."

Julius bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó.